Àwòrán Ayé Tí Bàbá Onílé Fi Ṣọ́ọ̀kì Yà

Ẹ̀rín máa ń pa mí tí mo bá gbọ́ lórí rédíò pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti to àwọn orílẹ̀-èdè ayé tẹ̀ léra wọn, láti orí èyí tí òwò rẹ̀ wọnú ayé jù lọ títí dé orí èyí tó tilẹ̀kùn mọ́rí. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Èmi náà ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí, nínú àgbàlá ilé kan ní Sùúrùlérè, níbi tí yàrá kọ̀ọ̀kan ti di orílẹ̀-èdè, tí díẹ̀ sì kù kí ìyá mi pàdánù oúnjẹ ẹnu rẹ̀ síbẹ̀.

Owó epo ló ń sọ̀rọ̀ nígbà náà. Náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sì lágbára bí ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hu irùngbọ̀n. Gbogbo Èkó ló fẹ́ ra nǹkan òyìnbó. Tí o bá ní ṣíbí, wọ́n á yí i sódì kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é. Tí wọn ò bá rí orúkọ ìlú òkèèrè kankan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á rọra gbé e padà sílẹ̀, wọ́n á ní ṣíbí náà dára ṣá. Irọ́ ni, wọn ò ní fi jẹun.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Bàbá Onílé wa. Ó ti ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó wá kọ́lé, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ tí kò ní fà dé èbúté kan. Tí ẹ bá ní ata ń ta yín lẹ́nu, á ní ẹ ò tíì jẹ ata Bọ́ńbè. Tí òjò bá ń rọ̀, á ní ṣé èyí náà lòjò, ẹ jẹ́ kí òun sọ ti Lífápúù fún yín. A fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kì í yọ ayálégbé lẹ́nu, tí ó bá sì wá gba owó ilé, á kọ́kọ́ sọ ìtàn débi tí ẹ ó fi máa bẹ̀ ẹ́ pé kó gba owó náà kó máa lọ.

Yàrá kọjú sí yàrá ni ilé náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan sì wà láàárín. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà wa nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni ìyá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Gbogbo ilé mọ̀ pé ó ń rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé, pé ó sì ń lẹ ìdí ṣòkòtò. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni gáùn Lọ́ńdọ̀nù.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Àlájà kan ní Sábó ló máa ń kó aṣọ àti àwọn àmì kékeré tí wọ́n hun orúkọ Lọ́ńdọ̀nù sí wá fún un. Ìyá mi á rán apá lọ́tọ̀, á rán kọ́là lọ́tọ̀, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ẹni tó bá ń kọjá á rí apá, kò ní rí gáùn. Inú yàrá wa, lẹ́yìn kọ́tìnnì, ló ti máa ń so wọ́n pọ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń rán Lọ́ńdọ̀nù sí wọn lọ́rùn. Èmi ni mò ń gán bọ́tìnnì. Àlájà á wá kó wọn, á lọ tà wọ́n fún àwọn tí kì í wọ ohun tí kò bá gba orí òkun wá. Ó sì ti kìlọ̀ fún ìyá mi, ó ní, "Ìyá Télọ̀, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ pé Sùúrùlérè ni Lọ́ńdọ̀nù mi wà, ọjọ́ yẹn ni èmi àti ẹ̀yin parí. Ta ló fẹ́ ra Lọ́ńdọ̀nù ọ̀dẹ̀dẹ̀?" Gáùn yẹn ló ń bọ́ wa. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí bàbá mi ń ṣe ní Ìlúpéjú, owó ilé àti ti bọ́ọ̀sì ló ń gbé.

Ọ̀rọ̀ dé nígbà tí wolé-wolé wọlé wa láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó wo kòtò ìdọ̀tí, ó wo ìkòkò omi, ó wá fi ẹsẹ̀ gbún ẹ̀rọ ìyá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní ọ̀nà àbáyọ nìyẹn, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù, tí òun bá padà wá bá ẹ̀rọ náà níbẹ̀, òun á gbé onílé lọ sí kóòtù. Bàbá Onílé ò bẹ̀rù ìgbì òkun, àmọ́ ó bẹ̀rù kóòtù. Ó ní kí ìyá mi wá ibi gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Yàrá wa sì nìyẹn, tí a bá na ẹsẹ̀ níbẹ̀, ògiri la máa ń kàn.

Orí bá wa ṣe é, yàrá iwájú, èyí tó ní fèrèsé ńlá sí títì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣófo. Ẹni tó wà níbẹ̀ ti kó lọ sí ilé tó kọ́ sí Agége. Ìyá mi sáré lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Onílé. Kó tó dìde, ọ̀gá onírédíò ti dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá onírédíò yìí ń gbé yàrá kẹta sí tiwa, ó ń ta rédíò, ó ń tún un ṣe, ó sì máa ń sọ orúkọ Jàpáànù bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sin ìwọ́ rẹ̀. Òun náà fẹ́ yàrá iwájú.

Bàbá Onílé wo orí méjì tó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò fẹ́ já ẹnikẹ́ni kulẹ̀, ó wá fa ọ̀rọ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ó ní, "Yàrá yẹn ni ojú ilé mi. Ẹni tí ọwọ́ òwò rẹ̀ bá wọnú ayé jù lọ nínú yín ni màá fún. Mi ò fẹ́ kí ilé mi dà bí abúlé."

Èmi ni mo fi ẹnu mi kó bá ìyá mi. Ẹ mọ̀ mí, ẹnu mi kì í gbélé, nígbà yẹn gan-an ló tún wá burú, torí pé mo wà ní kíláàsì àgbà ní iléèwé kan ní Yàbá, olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa ní bí wọ́n ṣe ń wọn orílẹ̀-èdè. Mo ní, "Bàbá, ó ní bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n o! Ẹ máa kó gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè náà rà wọlé jọ, ẹ ó rò ó pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tó tà síta, ẹ ó wá fi wé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe nínú ilé. Àtiwọlé àtijáde ni. Ẹni tó bá kàn ń rà nìkan, oníbàárà ayé ni, kì í ṣe oníṣòwò ayé."

Bàbá Onílé fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ní ọmọ yìí á di lọ́yà. Ó ní kí gbogbo ilé pé jọ ní àgbàlá lọ́sàn-án Sátidé, kí oníkálukú kó ohun tó wọlé wá láti òkèèrè jáde, kó sì kó ohun tó ti tà síta náà jáde. Ó rò pé òun ti yanjú ẹ̀. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Ohun tí èèyàn ti tà síta, báwo ló ṣe fẹ́ kó o jáde?

Lọ́jọ́ Sátidé náà, a bá Bàbá Onílé lórí eékún rẹ̀ nínú àgbàlá. Ó ti gbá sìmẹ́ńtì mọ́, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì ya àwòrán ayé sílẹ̀. Ó ya òkun, ó ya Íńdíà, ó gbé Jàpáànù sí ẹ̀gbẹ́ kànga, ó gbé Lọ́ńdọ̀nù sí abẹ́ okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Nàìjíríà tó yà tóbi ju Rọ́ṣíà lọ. Mo ní, "Bàbá, Rọ́ṣíà ló tóbi jù o." Ó bi mí pé ṣé mo ti dé Rọ́ṣíà rí. Mo ní rárá. Ó ní òun náà ò tíì dé ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí òun fi yà á ní kékeré.

Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn ọrùn ń dùn wá. Wọ́n ní kí oníkálukú gbé ẹrù rẹ̀ lé ilẹ̀ tó ti wá. Ẹja pańlá gba ilẹ̀ Nọ́wè, ológbò ilé sì lọ jókòó tì í, kò kúrò níbẹ̀. Tòmátò inú agolo lọ sí Ítálì, mílíìkì lọ sí Hólándì, iná aláǹtánnì lọ sí Họ̀ǹgíkọ̀ǹgì. Káfíńtà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ọmọ Iléṣà, jáde lọ́wọ́ òfìfo. Ó dúró sí àárín Nàìjíríà, ó ní kòkó bàbá òun ń lọ sí ìlú òyìnbó lọ́dọọdún, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà. Bàbá Onílé ní kòkó náà dà? Ó ní àwọn òyìnbó ti mu ún tán.

Ọ̀gá onírédíò kó rédíò lé orí Jàpáànù títí a ò fi rí ṣọ́ọ̀kì mọ́. Ìyá mi gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ka orí Jámánì, ó gbé òwú sí Ṣáínà, ó gbé sísọ́ọ̀sì sí ibì kan tí Bàbá Onílé ní Ṣẹ́fíìlì ni, ní ìlú òyìnbó. Mo rí i pé kò tó. Ojú ìyá mi náà ti rí i. Ó ń fi etí ìró nu ọwọ́, ọwọ́ náà ò sì tutù.

Ìgbà yẹn ni ìyàwó ọ̀gá onírédíò jáde. Arẹwà ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ó gbajúmọ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gáùn kan wà ní apá rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun, gáùn aláwọ̀ omi aró tó ní kọ́là funfun. Ó tẹ́ ẹ lé Lọ́ńdọ̀nù, ó na apá rẹ̀ méjèèjì. "Ọkọ mi ló bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù kó fi ránṣẹ́ sí mi," ó ní. "Kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo Èkó." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn obìnrin ilé wá fọwọ́ kan apá rẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ wo bí wọ́n ṣe rán an! Òyìnbó ò ṣe é bá díje o jàre."

Mo mọ gáùn yẹn. Èmi ni mo gán bọ́tìnnì rẹ̀, abẹ́rẹ́ ti gún mi níka níbẹ̀ débi tí mo fi ṣépè fún un. Mo la ẹnu. Ìyá mi fà mí láṣọ lẹ́yìn, ó sì sọ ọ́ sí mi létí pé, "Dákẹ́! Tí o bá sọ ọ́, Àlájà ò ní ra ọ̀kan mọ́ lọ́wọ́ mi. Kí la máa jẹ?" Mo pa ẹnu dé. Ó dùn mí wọra. Tí ó bá sọ̀rọ̀, oníbàárà lọ. Tí ó bá dákẹ́, yàrá lọ, ẹ̀rọ ò sì ní ibi tó máa jókòó sí lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Bàbá Onílé yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá iwájú lápò. Ó wo Jàpáànù, ó wo Lọ́ńdọ̀nù. Ó yíjú sí ìyá mi. "Ìyá Télọ̀, ṣé ó ku nǹkan kan lọ́wọ́ yín?"

Àwọn obìnrin yẹn ṣì ń fọwọ́ pa gáùn, wọ́n ṣì ń yin ọwọ́ tó rán an. Ìyá mi wá tún ìró rẹ̀ so, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó gba orí òkun kọjá láìwo ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé gáùn náà kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gbé e padà wá, ó tẹ́ ẹ sí Èkó.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń ṣe?" ìyàwó onírédíò pariwo. "Ẹ má jẹ́ kó dọ̀tí!"

"Kò dé Lọ́ńdọ̀nù rí, àbúrò mi," ìyá mi ní. "Èmi ni mo rán an. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni mo ti rán an."

Ariwo sọ! Ìyàwó onírédíò ní Ọlọ́run má jẹ́, ó ní ìlara ti wọ ilé yìí, ó ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá. Ìyá mi gbé sísọ́ọ̀sì kúrò ní Ṣẹ́fíìlì, ó nà án sí i. Ó ní, "Tú kọ́là rẹ̀. Kí kọ́là lè dúró dáadáa, mo máa ń fi àpò fùláwà sí inú rẹ̀, èyí tí mò ń gbà lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì àdúgbò wa. Tí o ò bá rí i níbẹ̀, gba yàrá, gba ẹ̀rọ mi pẹ̀lú." Obìnrin náà já òwú kan, ó já èkejì. Gbogbo wa tẹ orí sílẹ̀. Aṣọ àpò fùláwà yọ jáde lábẹ́ kọ́là, pẹ̀lú lẹ́tà aláwọ̀ búlúù tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, ó sì ṣì ku ìyẹ̀fun díẹ̀ ní ojú rírán rẹ̀.

Ìyàwó onírédíò wá yí padà pẹ̀lẹ́ sí ọkọ rẹ̀. "Ọ̀rẹ́ yín wo ló wà ní Lọ́ńdọ̀nù?"

Ọ̀gá onírédíò họ orí. Ó họ apá. Ó ní ṣé ẹ rí i, nígbà tí òun lọ ra rédíò ní Kútọnu, obìnrin kan ló ń tà á níbẹ̀, obìnrin náà ló ní láti Lọ́ńdọ̀nù ni.

"Kútọnu!" ìyàwó rẹ̀ ní. "Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ò sùn, pé ẹ̀ ń dúró de ọkọ̀ òfuurufú!"

Ibẹ̀ ni mi ò lè dákẹ́ mọ́. Mo fò sí àárín ayé. "Bàbá, ẹ wò ó! Gbogbo ẹrù tó wà nílẹ̀ yìí, wíwọlé nìkan ni wọ́n wọlé. Gáùn yìí jáde nílé yìí, ó dé Sábó, ó kọjá ibodè, wọ́n tà á ní Kútọnu, ó sì tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé padà. Àtiwọlé àtijáde! Ohun kan ṣoṣo tó ṣe é nínú àgbàlá yìí nìyí."

Bàbá Onílé mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ọ̀nà gáùn náà láti ilé wa dé Kútọnu, ó fà á padà. Kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi jókòó lé Amẹ́ríkà. "Mo yí ayé po," ó ní, "mi ò rí ọjà tó gbọ́n tó yìí rí." Ó ju kọ́kọ́rọ́ sí ìyá mi. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí mo sọ ọ́ fún olùkọ́ wa, ó rẹ́rìn-ín tirẹ̀ náà, ó wá ní ohun tó burú níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń wọn ayé ì bá ti ka gáùn yẹn fún Lọ́ńdọ̀nù, tí kò ṣe nǹkan kan, Sùúrùlérè ò sì ní gba máàkì. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lọ́kàn mi títí di òní.

A gbé ẹ̀rọ wọ yàrá iwájú. Inú wa dùn, àmọ́ inú dídùn ò kún ìkòkò. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Àlájà ti gbọ́. Kò tilẹ̀ wọlé. Ó dúró sí ojú fèrèsé, ó ní, "Ẹnu yín ti pa wá, Ìyá Télọ̀," ó gba àwọn àmì Lọ́ńdọ̀nù rẹ̀ àti aṣọ tó kù, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá mi wá jókòó sí yàrá tó dára jù nínú ilé náà láìsí gáùn kan láti rán. Ìyàwó onírédíò kì í kí wa mọ́. Ọbẹ̀ wa fẹ́lẹ́. Mo bi ìyá mi bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́. Àmọ́ wọ́n ń yin ọwọ́ mi lójú mi, wọ́n ní ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Mi ò lè gbé e mì."

Ó ṣe díẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó onírédíò dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá iwájú. Gáùn tí kọ́là rẹ̀ ti tú wà léjìká rẹ̀, aṣọ tuntun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ìyá mi dìde, mo rò pé ìjà dé, mo sì ti múra.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Mo ti wọ gbogbo gáùn òkèèrè tí mo ní, ọ̀kan á há mi nídìí, òmíràn á ṣò mí láyà. Èyí nìkan ló mọ̀ mí. Mo ń bi ara mi látọjọ́ yìí pé báwo ni òyìnbó ṣe mọ bí ìdí ọmọ Ìjẹ̀ṣà ṣe rí?" Ó gbìyànjú láti dákẹ́, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá mi náà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n wá di ara wọn mú, wọ́n ń gbọ̀n jìgìjìgì.

Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, ó tẹ́ aṣọ tuntun náà sórí tábìlì. Ó ní kí wọ́n rán an bákan náà, àwọn ọ̀rẹ́ òun mẹ́ta sì ń bọ̀ láti Múṣín lọ́la, wọ́n ti rí èyí lọ́rùn òun. Ìyá mi ní ó dáa, àmọ́ òun ò ní àmì Lọ́ńdọ̀nù kankan mọ́.

"Ta ló bèèrè Lọ́ńdọ̀nù?" obìnrin náà ní. "Orúkọ yín ni kí ẹ rán sí i."

Láti kékeré tí ìyá mi ti ń ránṣọ, kò fi orúkọ rẹ̀ sí ara nǹkan kan rí, kò sì mọ̀ ọ́n kọ. Ó fa rìbọ́ọ̀nù funfun kan yọ, ó nà án sí mi. Mo kọ orúkọ náà sí i, gbogbo rẹ̀, èyí tí àwọn bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, láìdín lẹ́tà kan. Rìbọ́ọ̀nù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á. Ìyá mi tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ó ní, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó mà gùn ju Lọ́ńdọ̀nù lọ o."

"Ẹ rán gbogbo rẹ̀," ìyàwó onírédíò ní.

Ó jókòó, ó fi òwú sójú abẹ́rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́.